Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ oyin fún elégédé ẹ̀yìnkùlé wa

Èmi kọ́ ni mo gbin elégédé yẹn o. Màámi ló da hóró rẹ̀ sí àkìtàn ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tí wọ́n ń se ọbẹ̀, òjò rọ̀, ó hù. Kò pẹ́ tí ìtàkùn fi gba gbogbo ilẹ̀, òdòdó rẹ̀ pupa bí ìyeyè. Ṣùgbọ́n kò so. Èyí tó bá fẹ́ so, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, á pọ́n, á rà, á jábọ́. Màámi ní ojú ayé ni. Èmi fura sí ara mi, torí mo ti fín oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ náà n kò sì gbọ́ ìró oyin níbẹ̀ mọ́.

Elégédé kò dà bí ìbẹ́pẹ, tí akọ sábà máa ń dá dúró lọ́tọ̀. Ìtàkùn kan náà ló ń yọ òdòdó akọ àti abo. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni akọ dúró lé. Abo ti ní elégédé kóńkóló nídìí kó tó là rárá. Lẹ́búlẹ́bú ara akọ wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, atẹ́gùn kò lè gbé e bó ṣe ń gbé ti àgbàdo. Oyin ló ń bá a gbé e.

Òdòdó ọ̀hún kì í dúró de ọ̀lẹ. Ìdájí ló ń là, kó tó di ọ̀sán ó ti ká jọ, kì í sì í là mọ́. Aago mọ́kànlá ni mo débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òfo ni. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti bá mi níbẹ̀. Mo já akọ mẹ́ta, mo ya ewé òdòdó wọn dànù, ó ku ọ̀pá àárín, àfi bí ẹni rì í bọ gààrí olépo. Mo rọra fi pa orí abo, tó pín sí mẹ́ta, mo pa á yíká. Bí kò bá kárí, elégédé á so, àmọ́ á wọ́ lápá kan.

Mẹ́rin ni mo ṣe. Mo so òwú pupa mọ́ wọn lọ́rùn kí n lè dá wọn mọ̀. Màámi rí òwú, wọ́n wò mí títí: “Ọ̀dọ̀ ta lo ti gba oògùn?”

Ọ̀kan jábọ́. Mẹ́ta yòókù tó ẹ̀yin adìyẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ 52 ni a ká àkọ́kọ́, nígbà tí èékánná kò wọ èèpo rẹ̀ mọ́. (Bí ẹ bá fẹ́ fín oògùn, ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin ti wọlé.)

Màámi là á, wọ́n ha hóró inú rẹ̀, àkìtàn náà ni wọ́n tún dà á sí. Èmi náà ò sì mọ́wọ́ dúró: abẹ́rẹ́ olóko tó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò mi láràárọ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń ṣa á dànù. Ó ti hù síbẹ̀ báyìí.