Mọ́tò ń gbóná ní gósìlóò, kò gbóná lórí eré: ẹ wo fáànù rédíétọ̀ yín

Tí mọ́tò yín bá ń sáré lọ sí Oǹdó tí géèjì ooru ẹ́ńjìnì ò kúrò láàárín, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dé Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ nírọ̀lẹ́, tí gbogbo títì Ọba Adésidà ti dí pa, tí abẹ́rẹ́ géèjì wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ síbi H, ìyẹn ibi tó ti gbóná jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ tàmọ́sítáàtì yín, nǹkan kékeré tó ń ṣí tó sì ń sé ọ̀nà omi ẹ́ńjìnì, dànù o. Fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò fáànù, ìgbà tó bá dúró lójú kan niṣẹ́ fáànù tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ń gbóná lórí eré náà, tó ń gbóná níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀: rédíétọ̀ tó dí ni, àbí wọ́tà pọ́ǹpù, àbí tàmọ́sítáàtì tó há, àbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Tó bá ká yín mọ́ àárín gósìlóò, ẹ pa AC, ẹ tan hítà dé òpin kẹ́ ẹ sì ṣí wíńdò. Ooru máa lù yín dáadáa, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnì lẹ̀ ń fà jáde yẹn. Tí abẹ́rẹ́ ò bá wá sílẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ pa mọ́tò.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ rántí pé fáànù yìí lè yí láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, àwọn mọ́tò kan wà tí wọ́n á ti yọ kọ́kọ́rọ́ tí fáànù á ṣì dédé gbéra, torí náà ọwọ́, apá agbádá, ìborùn, kò gbọdọ̀ sún mọ́bẹ̀. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, omi inú ẹ̀ wà lábẹ́ agbára, ojú lá á fọ́n lù. Ẹ jẹ́ kó tutù débi tẹ́ ẹ fi lè di hóòsì òkè mú láì jó yín lọ́wọ́.

Tó bá ti wá tutù, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo èyí, ó sì ṣe pàtàkì gan-an. Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún fáànù pé "ó ti gbóná o, dìde" inú omi ló jókòó sí, tí omi bá ti lọ sílẹ̀ tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló yí i ká, kò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń jóná. Géèjì gan-an lè máa parọ́ fún yín lásìkò yẹn. Ẹ kún un, ẹ wá ibi tó ti ń jò. Omi bòhóòlù tá à ń rọ sí i yẹn máa ń dá ìpẹtà àti èérí sínú ẹ̀, kúláǹtì, omi tí wọ́n dìídì ṣe fún rédíétọ̀, ló dáa.

Ẹ wá tan mọ́tò, ẹ tan AC. Fún ọ̀pọ̀ mọ́tò, kò yẹ kó pẹ́ rárá tí fáànù á fi yí. Tó bá yí dáadáa pẹ̀lú AC tí kì í yí tí mọ́tò bá gbóná, a jẹ́ pé fáànù fúnra ẹ̀ ò níṣòro, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta tòkunbọ̀ fún yín, sẹ́ńsọ̀ tàbí súwíìṣì ló ń bá yín jà. Tí ò bá yí, ó lè jẹ́ fíúùsì, rìléè (súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná lọ sí fáànù), wáyà tàbí mọ́tò fáànù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì: tí fáànù bá jẹ́ méjì, ẹ wo èyí tó yí gangan, torí ó lè jẹ́ ti AC nìkan ló dìde, èkejì, tí gáàsì AC bá ti tán, AC ò ní gbéra, fáànù náà lè má gbéra, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀.

Fíúùsì fáànù wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì nínú àpótí dúdú, nọ́ńbà 30 tàbí 40 ló sábà máa ń wà lára ẹ̀. Tó bá jó, ẹ fi irú ẹ̀ kan náà sí i. Tó bá tún jó, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, ẹ má sì fi bébà inú páálí sìgá dí i, mo ti rí wáyà tó yọ́ mọ́ra wọn nítorí ọgbọ́n yẹn. Fíúùsì tó ń jó léraléra ń sọ pé mọ́tò fáànù ti ń há ni, ó ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí wáyà kan máa kan bọ́dì níbì kan.

Rìléè ló kàn. Ẹ wo inú àpótí yẹn bóyá rìléè họ́ọ̀nù bá ti fáànù dọ́gba, kí nọ́ńbà ara wọn jọra, ẹ pààrọ̀ ibi wọn. Tí họ́ọ̀nù bá kú tí fáànù wá jí, ẹ ti rí ọ̀daràn. Tí kò bá sí irú ẹ̀ níbẹ̀, ẹ yọ rìléè jáde, kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní 30, 85, 86 àti 87 lára. 30 ni iná bátìrì ń gbà wọlé, 87 ló ń lọ sí fáànù. Ẹ fi wáyà tó nípọn so ihò tí ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn wọ̀ nínú àpótí pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kì í ṣe wáyà tín-ín-rín o, ó máa jó yín lọ́wọ́. Tí fáànù bá yí, láti bátìrì dé fáànù ò níṣòro, rìléè tàbí ẹni tó ń pàṣẹ fún un, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tàbí súwíìṣì, ló kù kẹ́ ẹ wá.

Tí ò bá yí, ẹ lọ sídìí fáànù gangan, kẹ́ ẹ fa pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀ yọ kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa. Ibi yìí ni mo gbádùn jù nínú iṣẹ́ yìí, torí ojú lásán lẹ fi ń rí i. Tí rọ́bà ẹ̀ bá ti di àwọ̀ búráùn tó ti yọ́ lápá kan, tí irin inú ẹ̀ ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, iná ò lè kọjá dáadáa níbẹ̀, ẹ gé e kúrò kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Tó bá mọ́, ẹ fa wáyà méjì wá láti bátìrì sí fáànù, kí fíúùsì wà lórí èyí tó wá láti pọ́sítíìfù. Tó bá yí pẹ̀lú agbára, fáànù yè, ẹ wo wáyà àti éàtì tó dè mọ́ bọ́dì, ìpẹtà sábà máa ń jẹ ẹ́. Tí ò bá yí, ẹ fi ìdí sukurudíráfà kan ẹ̀yìn mọ́tò fáànù pẹ́pẹ́. Tó bá ta jí lójijì, kábọ̀nù inú ẹ̀ ti jẹ tán, á tún sùn padà láìpẹ́, ẹ má gbọ́kàn lé e dé Ìdànrè.

Tẹ́ ẹ bá ra tòkunbọ̀, tàbí tí rìwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ wo ọwọ́ tó ń yí sí. Tí wọ́n bá gbé wáyà méjèèjì síra wọn, fáànù á máa yí sẹ́yìn, ariwo ẹ̀ á pé, ẹ̀ẹ́ rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú ọ̀rá nylon kan síwájú gíríìlì nígbà tí mọ́tò dúró: fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ fa ọ̀rá yẹn mọ́ra. Tó bá ń tì í dànù, ẹ yí wáyà padà.

Ó ku ẹni tó ń pàṣẹ. Àwọn Corolla àti Camry ayé ọdún 1990 sí 1999, púpọ̀ wọn ní súwíìṣì fáànù nídìí omi, tẹ́ ẹ bá fa wáyà ẹ̀ yọ tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, fáànù gbọ́dọ̀ yí. Golf 3 yàtọ̀ sí wọn pátápátá, súwíìṣì wà lára rédíétọ̀, ẹ fa wáyà ẹ̀ yọ kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀ kó tó yí. Àwọn tuntun ń gbàṣẹ lọ́wọ́ bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò: ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ omi, ọ̀pọ̀ wọn á sáré tan fáànù láti dáàbò bo ara wọn. Iná ẹ́ńjìnì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má fòyà, sikáánà á nù ún kúrò.

Àwọn rìwáyà wa fẹ́ràn àtimáa dáírẹ́ẹ̀tì fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́, kó máa yí látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá jẹ́ pé Ọ̀wẹnà ló ti ká yín mọ́, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ délé. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí, èmi ò fara mọ́ ọn rárá: mọ́tò fáànù á tètè jẹ, á máa fa iná jẹnerétọ̀ àti bátìrì nígbà gbogbo, tí wọ́n bá sì tún ti yọ tàmọ́sítáàtì, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, epo á máa lọ bí ẹni da á sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ pa AC, ẹ jẹ́ kí mọ́tò dúró lójú kan tó ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá ti dé nǹkan bíi 95 sí 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó yẹ kí fáànù dìde, kó fẹ́ díẹ̀, kó sinmi, kó tún dìde. Tó bá dìde tí kò sinmi mọ́, tí abẹ́rẹ́ sì ń gòkè, ẹ wo àárín rédíétọ̀ àti ti AC, ẹrẹ̀ àti kòkòrò sábà máa ń kún ibẹ̀. Ẹ fi omi tí kò lágbára fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì gbé pọ́ǹpù wọn lé e, ó máa tẹ àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.