Ẹsẹ̀ mi le, ṣùgbọ́n kò yá: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìdúró nínú kàrátè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń kọ́ Shotokan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka kàrátè. Bí mo bá wà nínú zenkutsu-dachi, ìdúró gígùn tí eékún iwájú tẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì nà, kò sẹ́ni tó lè tì mí kúrò lójú kan. Àmọ́ tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ kumite, ìyẹn ìjà ìdánrawò pẹ̀lú ẹnìkejì, kí n tó gbẹ́sẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ti dé àyà mi. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ìdúró rẹ ti gùn jù fún ìjà. Dán an wò báyìí: wọ inú zenkutsu-dachi, kí o fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá síwájú láì gbé orí sókè. Bí o bá ní láti kọ́kọ́ ju ara sẹ́yìn tàbí kí o nà ró kí ẹsẹ̀ náà tó kúrò nílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rí ọ.

Ara kì í ṣubú níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ bá ṣì wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí o bá ya ẹsẹ̀ tí o sì rẹlẹ̀, ààyè yẹn á fẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè tì ọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó lè gbé ẹsẹ̀ kan, ìwúwo náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sórí èkejì. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe jìnnà síra tó ni ìrìn yẹn ṣe pẹ́ tó.

Zenkutsu-dachi tí wọ́n ń kọ́ wa sábà máa ń gùn tó ìlọ́po méjì ìbú ejìká, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo níwájú. Ní kumite, dín in kù dáadáa. Fi ìwúwo sí àárín, tẹ eékún méjèèjì díẹ̀, má sì jẹ́ kí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ bá ń wọlé ni kí o nà dé ìdúró gígùn yẹn, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè rí ilẹ̀ tì. Bó bá ti wọlé, fa ẹsẹ̀ padà kíá.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé asán ni gbogbo ìdúró rírẹlẹ̀ tí sensei, olùkọ́ wa, ń fi wá ṣe?

Ìdáhùn: Rárá o. Òun ló ń fún itan lágbára, òun ló sì ń kọ́ ìbàdí bí a ṣe ń ti ẹ̀ṣẹ́ láti ilẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n wo àwòrán Funakoshi Gichin, ẹni tó mú kàrátè láti Okinawa wá sí Tokyo ní ọdún 1922. Nínú èyí tí wọ́n yà láàárín àwọn ọdún 1920, ìdúró rẹ̀ ga, kò sì gùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà 20 tó fi sílẹ̀ sọ pé ìdúró ìjà wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé tó bá yá, ìdúró àdánidá ló kù. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn.

Ìbéèrè: Mo ti dín in kù bí ẹ ṣe wí. Ẹsẹ̀ ti yá, àmọ́ bí wọ́n bá ti gbá ẹsẹ̀ iwájú mi, ńṣe ni mo máa ń ta gbọ̀ngbọ́n.

Ìdáhùn: Wo ilẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ti bọ́ sórí ìlà kan ṣoṣo, bí ẹni ń rìn lórí okùn. Gígùn ni mo ní kí o dín kù, kì í ṣe ìbú. Ẹni tó bá ti ja ẹkẹ lọ́mọdé mọ̀ pé ẹni tó fi ẹsẹ̀ tọ ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá. Fi ẹfun fa ìlà méjì sílẹ̀, kí wọ́n fi ìbú ìbàdí jìnnà síra, kí o sì máa lọ, kí o máa bọ̀, ẹsẹ̀ kan lórí ìlà kan. Bí ẹsẹ̀ bá ń kọjá, jẹ́ kó súnmọ́ èyí tó dúró kó tó padà sórí ìlà tirẹ̀, kó tẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Ìbéèrè: Eékún máa ń dùn mí nínú kiba-dachi, ìdúró tí a ti ń ya ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni gun ẹṣin.

Ìdáhùn: Eékún rẹ ń wọ inú. Tì í síta títí yóò fi dojú kọ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dojú kọ. Bí itan kò bá lè gbé e dúró síbẹ̀, gòkè díẹ̀. Tó bá wú, sinmi, kí o lọ rí dókítà.