Bí wọ́n ṣe yọ ilé ọmọ mi láti ojú ihò kéékèèké, àti ohun tí mo bèèrè kí n tó fọwọ́ sí ìwé

Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ fáíbrọ́ìdì, ìyẹn iju tó ń hù nínú ilé ọmọ. Nǹkan oṣù mi kì í dá bọ̀rọ̀, òòyì ń kọ́ mi bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹ̀jẹ̀ ara mi sì lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti fi dírípù fa oògùn ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Nígbà tí oògùn ò ràn án mọ́, dókítà tí mò ń rí ní Manchester níbí ní kí a yọ ilé ọmọ náà. Mo ti bí iye ọmọ tí mo fẹ́, ọkọ mi náà sì fara mọ́ ọn. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà yọ ọ́ ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn, tí wọ́n la ikùn fún nígbà tiwọn, sọ fún mi lórí fóònù pé, “Bí wọ́n bá lè ṣe é láìla ikùn, tètè gbà.” Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí n bèèrè ná.

Dókítà ṣàlàyé pé wọ́n á lu ihò kéékèèké sí ikùn, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ káàbọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì sínú rẹ̀ kí àyè lè gba kámẹ́rà, wọ́n á gé ilé ọmọ kúrò nídìí, wọ́n á sì gbà á jáde láti ojú ara. Dókítà kan tó ń jẹ́ Harry Reich ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ní 1988.

Mo bi í pé kí ló lè bàjẹ́. Kò fi ohunkóhun pa mọ́, mo sì yìn ín fún un. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní Britain àti Gúúsù Áfíríkà, tó jáde ní 2004. Àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn láti ojú ihò ní ìrora tó dín kù, ara wọn sì tètè yá ju ti àwọn tí wọ́n la ikùn fún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ojú ihò náà pẹ́ jù, ìṣòro ńlá sì bá ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nígbà tó bá ìdá 6.2 péré nínú àwọn tí wọ́n la ikùn fún. Ara ohun tí wọ́n kà sí ìṣòro ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ihò kí wọ́n tó wá rí i pé àfi kí àwọn la ikùn, nítorí náà mo bèèrè iye ìgbà tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Ó dá mi lóhùn tààrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin, ẹ má tijú béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn yín lára.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni òpó tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀. Abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ gan-an ló gbà kọjá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dí iṣan yẹn kí wọ́n tó gé e. Bí iná tí wọ́n fi ń dí i bá kan òpó ìtọ̀ náà, ó lè má hàn lójú ẹsẹ̀. Ìtọ̀ á kàn máa jò sínú ikùn ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Dókítà ní òun á fi kámẹ́rà wo inú àpò ìtọ̀ kí òun tó parí.

Mo tún bèèrè nípa gígé ilé ọmọ tó tóbi sí wẹ́wẹ́ kó lè ráàyè jáde. Ní 2014, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé nínú nǹkan bí 350 obìnrin tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbrọ́ìdì fún, jẹjẹrẹ tí ẹnikẹ́ni ò fura sí lè wà lára ẹnì kan, ẹ̀rọ tó ń gé e sì lè fọ́n ọn ká inú. Dókítà mi ní bí gígé bá di dandan, inú àpò kan tí wọ́n á fi sínú ikùn ni wọ́n á ti gé tèmi, kó má baà fọ́n ká. Tó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni wọ́n ń tọ́jú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá: ìwádìí 2018 fi hàn pé àìsàn náà padà wá sára àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn láti ojú ihò ju àwọn tí wọ́n la ikùn fún lọ.

Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí ju ikùn lọ, torí afẹ́fẹ́ tó kù nínú. Wọ́n ní kí n dìde rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ní ẹsẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ tó fún pinpin. Nígbà tí mo ti délé, ibà gbé mi, ìtọ̀ sì ń ta mí. Mi ò dúró wò ó, mo pe wọ́ọ̀dù. Wọ́n yẹ̀ mí wò dáadáa, wọ́n rí i pé àkóràn inú ìtọ̀ ni, oògùn sì kápá rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tí mo mú le jù ni ti ibi tí wọ́n rán lókè ojú ara. Ó máa ń já nígbà mìíràn, ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn láti ojú ihò jù. Ara èèyàn á ti yá níta, inú ò tíì jiná. Nítorí náà, mi ò gbé ohun tó wúwo, èmi àti ọkọ mi ò sì sún mọ́ra títí dókítà fi yẹ̀ mí wò tó ní ó ti jiná.

Èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n yọ ti jáde, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Mo gba ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ náà, torí ó yẹ kí dókítà tí màá bá pàdé lọ́la mọ̀ pé wọ́n yọ ọrùn ilé ọmọ pẹ̀lú, àmọ́ wọ́n fi ibi tí ẹyin ń gbé sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n fi àwọn ìbéèrè mi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n fẹ́ ṣe tirẹ̀ ní Èkó.