Bí Ẹ Ṣe Máa Pín Owó Yín Kí Ẹ Tó Ra Ilé Àyágbé

Iye tí wọ́n ń ta ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ ra ilé fún ayálégbé máa ń wò, ibẹ̀ sì ni ìṣírò wọn ti ń wọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí wọ́n ń tà ní 75,000, ẹ fi owó orílẹ̀-èdè yín sí i. Báńkì fẹ́ yá yín ní 60,000, ẹ̀yin náà á mú 15,000 wá. Ẹni tó ní 20,000 lọ́wọ́ á rò pé ó ti tó. Kò tó.

Lọ́yà wà níbẹ̀, awọnlẹ̀ wà níbẹ̀, éjẹ́ǹtì, ìforúkọsílẹ̀ àti owó-orí ìjọba. Iye wọn yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, torí náà ẹ gba iye gidi lọ́wọ́ lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ká fi í sí 4,500. Àtúnṣe ilé, 8,000. Owó pàjáwìrì lórí àtúnṣe yẹn, 1,200, ìyẹn 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilé bá ti gbó, ẹ sọ ọ́ di 20, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri títí wọ́n á fi fọ́ ọ. Ẹ wá fi 2,500 pamọ́, tó máa gbé ilé náà fún oṣù mẹ́rin bí owó kankan ò bá wọlé. Gbogbo rẹ̀ di 31,200. Ẹni tó ní 20,000 yẹn á ra ilé o, àmọ́ páìpù tó ń jò ló máa jókòó tì, ayálégbé kankan ò sì ní wọ ibẹ̀.

Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ ṣe ìṣírò ọdún kan. Ẹ má gba iye owó ilé tí ayálégbé máa san lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ẹ béèrè iye tí àwọn ilé irú rẹ̀ ń mú wọlé ládùúgbò náà. Ká ní 1,000 ni lóṣù, ó di 12,000. Ẹ yọ oṣù kan tí ilé máa ṣófo, ó ku 11,000. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti yọ:

- alábòójútó ilé, 8 nínú ọgọ́rùn-ún: 880
- owó-orí àti ìbánigbófò: 1,200
- àtúnṣe kéékèèké: 1,100
- owó ìpamọ́ fún àtúnṣe ńlá: 1,300

Ó ku 6,520. Bí èlé báńkì bá jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún fún 20 ọdún, ẹ ó máa san nǹkan bí 430 lóṣù, ìyẹn 5,160 lọ́dún. Ohun tó kù sọ́wọ́ yín ni 1,360. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ máa bójú tó ilé náà fúnra yín, ẹ má pa 880 yẹn rẹ́: ọjọ́ tí ẹ bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹnì kan ló máa gbà á.

Orí 1,300 owó ìpamọ́ yẹn ni ìyà ti ń jẹ àwọn onílé jù. Bí a ṣe rí i nìyí: òrùlé tuntun máa gba 9,000, èyí tó wà lórí ilé sì ku 15 ọdún kó tó gbó, ìyẹn 600 lọ́dún. Ọ̀dà ìta ilé, 2,000 ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ìyẹn 400. Ẹ̀rọ omi, 1,500, ó ku ọdún márùn-ún, ìyẹn 300. Torí pé wọn kì í béèrè owó lóṣooṣù, onílé á máa ná an bí èrè. Òrùlé ló ń ná.

Ẹ tún dán ìṣírò náà wò. Bí báńkì bá gbé èlé dé 8, sísan oṣooṣù á di nǹkan bí 502, èrè ọdún á sì fò wálẹ̀ sí bíi 496. Bí ilé bá wá ṣófo fún oṣù kejì lọ́dún kan náà, ẹ ti ń fi owó àpò yín kún un. Kódà láìsí ìyẹn, 1,360 lórí 31,200 kò ju 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí owó tí ẹ fi sí báńkì bá ń mú ju bẹ́ẹ̀ wá láìsí wàhálà, ẹ ní kí wọ́n dín iye ilé náà kù, tàbí kí ẹ wá òmíràn. Ẹ má ka iye tí ilé máa fi gbówó lórí lọ́jọ́ iwájú mọ́ ọn. Púlọ́mbà kì í gba ìyẹn.

Nígbà tí àtúnṣe bá bẹ̀rẹ̀, òrùlé àti ibi tí omi ń gbà wọlé ló ṣáájú, lẹ́yìn náà páìpù àti wáyà iná, ọ̀dà ló kẹ́yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ kunlé máa san owó ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, torí wọ́n ṣì máa gbẹ́ ògiri fún wáyà. Ẹ má san gbogbo owó fún agbaṣẹ́ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó bá parí ni kó gbowó rẹ̀, kí 10 nínú ọgọ́rùn-ún sì wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi tan gbogbo iná, tí ẹ ó sì ṣí gbogbo ẹnu omi wò. Kí àdéhùn yìí wà nínú ìwé kó tó gbé irinṣẹ́ wá.

Ní ti ohun tó máa mú ilé lẹ́wà, ẹ fi owó ilé wọ̀n ọ́n. Bí 3,000 lórí ilé ìdáná bá mú kí owó ilé fi 50 lọ sókè lóṣù, ọdún márùn-ún ló máa fi padà. Bó bá jẹ́ 15 péré, ó ju 16 ọdún lọ. Ẹ fi í sílẹ̀.

Àkáǹtì mẹ́ta ló yẹ kí ilé ní: ọ̀kan fún owó tó ń wọlé tó ń jáde, ọ̀kan fún owó ìpamọ́, ọ̀kan fún owó ìdúró tí ayálégbé fi sílẹ̀ nítorí ìbàjẹ́. Ẹ̀kẹta yẹn kì í ṣe tiyín, ẹ má yá a. Lópin oṣù, ẹ fi ohun tí ẹ ná wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí owó omi bá lọ sókè láìjẹ́ pé èèyàn pọ̀ sí i nínú ilé, ẹ pe púlọ́mbà kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.