Ẹ wo ẹnu ọkọ̀ kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀

Ìyá àgbà kan ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ oníná kan ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà, ọkọ̀ náà funfun báláú, ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì láì kúrò lójú kan. "Ọ̀gá oníná, ẹ bá mi wò ó o. Okùn tí wọ́n tà fún wa ní Èkó, kò wọlé." Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí ìdérí ẹnu ọkọ̀ náà. Okùn ọwọ́ wọn jẹ́ oníhò méje. Ẹnu ọkọ̀ kéré, márùn-ún ni tirẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè tì í tí yóò fi wọ̀.

Ohun tí mo ṣàlàyé fún màmá lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú ohun tí ojú èmi náà ti rí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń fa wáyà sílé onílé ní Àkúrẹ́, Nissan Leaf tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2013 ni mo sì ń wà láti 2022.

Ẹnu ni mò ń pe ibi tí iná ń gbà wọ ọkọ̀. Ẹni tó bá ń ra epo kì í ronú nípa rẹ̀, torí ilé epo yòówù tó bá yà sí, ọ̀pá wọn á wọ táǹkì rẹ̀. Ti iná kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń bá ara wọn du ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, oníkálukú sì fẹ́ kí ẹnu tirẹ̀ di ti gbogbo ayé. Àwọn ará Japan, tí Nissan àti Toyota wà lára wọn, kó ara wọn jọ lórí ẹnu kan tí wọ́n pè ní CHAdeMO ní 2010. Orúkọ yẹn jáde láti inú ọ̀rọ̀ kan lédè wọn tó ń pe èèyàn wá mu tíì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba iná, ó sì dùn mọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Tesla dá tirẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibùdó kalẹ̀ lójú títì Amẹ́ríkà ní 2012. Yúróòpù mú Type 2 fún iná ilé àti CCS2 fún iná tó ń yára wọlé ní ibùdó, Ṣáínà mú GB/T. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2022, Tesla ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa lo ẹnu òun, ó sì sọ ọ́ ní NACS. Ford gbà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, General Motors gbà ní oṣù kẹfà, nígbà tó sì di oṣù keje, Nissan náà, tó wà lára àwọn tó bí CHAdeMO, kéde pé ẹnu Tesla ni àwọn ọkọ̀ òun tuntun yóò máa lò ní Amẹ́ríkà.

Ìjà ọlọ́jà ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìyókù rẹ̀ ń já sí. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹnu ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìdérí tó ṣí sílẹ̀. Ẹ ka ihò. Oníhò márùn-ún tó rí roboto ni Type 1, ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà àti Japan wá. Oníhò méje ni Type 2. Ti Ṣáínà náà ní ihò méje, ó jọ Type 2 gan-an, àmọ́ wọn kì í wọ ara wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti Ṣáínà, ẹ bèèrè bóyá ọjà ilé wọn ni wọ́n ṣe é fún tàbí ọjà òkèèrè. Ní tèmi, bí ẹ bá lè yàn, Type 2 ni kí ẹ yàn. Yúróòpù ń lo iná fóòtì 230 bíi tiwa, okùn wọn kò ní bá ilé wa jà. Okùn Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ ògiri. Àwọn kan wà tí wọn kò gbà ju fóòtì 120 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n máa ń bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Oṣù àkọ́kọ́ tí mo ra Leaf, mo kánjú. Mo na ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n láti inú pálọ̀ gba ojú fèrèsé jáde, mo ki okùn ọkọ̀ bọ̀ ọ́, mo lọ sùn. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìyàwó mi jí mi: "Bàbá Bọ́lá, kí ló ń jóná?" Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́ mọ́ púlọ́ọ̀gì, ògiri ti dúdú, àwọn ọmọ sì ń sùn ní yàrá tó tẹ̀ lé e. Mo já bírékà, mo jókòó sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ yìí!

Ohun tó fà á rèé. Kẹ́tùlù lè fa ámpì 13, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ni, á sinmi. Ọkọ̀ lè máa fa ámpì 10 fún wákàtí mẹ́jọ láì sinmi. Síkúrúù kan tó dẹ̀ díẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí kẹ́tùlù kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, òru kan péré ni ọkọ̀ yóò fi mú un gbóná títí yóò fi yọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fa wáyà ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ láti bọ́ọ̀dù, kí ohunkóhun mìíràn má wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta lásán lẹ fẹ́ lò, wáyà 4 (mm²) àti bírékà ámpì 20 tó o. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tó ń fa ámpì 32, wáyà 6 àti bírékà ámpì 40 ni. Ẹ fi bírékà tó ń já kíákíá bí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn kọjá kún un. Kí ẹ sì tó ra ẹ̀rọ ògiri olówó ńlá, ẹ bèèrè iye tí ọkọ̀ yín lè gbé mì. Iná ilé wa ń lọ ó ń bọ̀, ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bátìrì sì fẹ́ iná ọlọ́nà kan, ẹ̀rọ kékeré kan nínú ọkọ̀ ló ń yí i padà. Nínú àwọn Leaf àkọ́kọ́, kílówáàtì 3.3 ni ẹ̀rọ yẹn ń gbà. Bí ẹ tilẹ̀ gbé kílówáàtì 7 síwájú rẹ̀, kò ní gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wáyà earth, tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí kò bá sí i, àtùpà pupa lára okùn á tàn, ọkọ̀ kò sì ní gba iná. Mo ti rí ẹni tó fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tan okùn náà jẹ kó lè ṣiṣẹ́ láì sí earth. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ara ọkọ̀ irin ni, ọmọ lè fọwọ́ kàn án. Ní Àkúrẹ́ yìí, àpáta kò jìnnà sílẹ̀ láwọn àdúgbò kan. Ọ̀pá bàbà tó yẹ kó wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lè kan òkúta ní ẹsẹ̀ méjì. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta ni mo máa ń gbìn káàkiri ọgbà, n óò so wọ́n pọ̀, n óò fi èédú àti iyọ̀ yí wọn ká, n óò sì fi ẹ̀rọ wọn ọ́n kí n tó gba owó iṣẹ́ mi. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yín wọn ọ́n níṣojú yín.

Nípa iye owó, ẹ rántí pé yúnìtì tí ẹ ń rà sórí mítà náà ni ìwọ̀n bátìrì. Leaf tèmi jẹ́ yúnìtì 24 nígbà tó wà ní tuntun. Nísinsìnyí, nǹkan bíi 17 ló kù, ilà mẹ́sàn-án nínú méjìlá ló ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tó sì yẹ kí ẹ kà nìyẹn bí ẹ bá ń ra Leaf tòkunbọ̀. Láti ìdá ogún sí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, mítà mi máa ń jẹ nǹkan bíi yúnìtì 12, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò sójú ọ̀nà. Ó ń gbà tó wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, mo sì ń fi rìn tó kìlómítà 65. Ẹ fi iye yúnìtì kan ládùúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi wé lítà mẹ́fà epo.

Lálẹ́, tí gbogbo ilé ń se oúnjẹ tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, fóòtì ọ̀dọ̀ wa lè já sí 165, okùn mi á sì dúró. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ó máa ń padà sí 210, ìgbà yẹn ni mo ń fi sí i. Bí òjò oṣù kẹta bá ń ṣú, ẹ fà á yọ. Àrá kò mọ ọkọ̀ olówó iyebíye.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń gbé lọ́wọ́ kan kò lè gbé e. Ńlá lè gbé e, àmọ́ okùn á sọ pé kò sí earth, títí oníṣẹ́ yóò fi so wáyà neutral rẹ̀, èyí tí iná ń gbà padà, mọ́ ilẹ̀. Sólà ló dára jù lójú mi. Ẹ dín okùn kù sí ámpì 6, kí ẹ fi sí i láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nígbà tí oòrùn ti gun, kí bátìrì ilé má baà ṣòfò sínú bátìrì ọkọ̀.

Ooru ni ọ̀tá bátìrì. Leaf tèmi kò ní omi tó ń tù ú lára, nítorí náà bí mo bá dé láti ìrìn ọ̀sán, mo máa ń fi í sábẹ́ igi fún wákàtí kan kí n tó ki okùn bọ̀ ọ́, n kì í sì í kún un dẹ́nu àyàfi bí mo bá ń rìn jìnnà. Àwọn ará Ṣáínà ni ìjà ọjà yìí so èso rere fún jù níbí. BYD, ilé-iṣẹ́ wọn kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì ṣíṣe ní 1995, ó gbé bátìrì Blade jáde ní 2020, ó sì ta ọkọ̀ oníná ju Tesla lọ ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn 2023. Irú bátìrì yẹn, LFP, kì í tètè gbiná, ó sì gbà kí a kún un dáadáa. Bí mo bá tún máa ra ọkọ̀, òun ni n óò wá.

Okùn tó bá ẹnu ọkọ̀ màmá mu ti dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó gba fóòtì 240, mo sì ti fa wáyà 4 sí ṣẹ́ẹ̀dì wọn. Èmi náà ti fa irú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé àna mi ní Yábà, nílùú Oǹdó, torí àlọ àti àbọ̀ súnmọ́ ọgọ́rùn-ún kìlómítà, bátìrì mi kò sì fọkàn mi balẹ̀ mọ́ lórí òkè. Bí mo bá dé, n óò kí wọn tán, n óò ki okùn bọ̀ ọ́, a óò jẹun, a óò sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, n óò fi owó yúnìtì mẹ́fà lé wọn lọ́wọ́ kí n tó máa bọ̀ nílé.