Bí mo ṣe wo sinimá àtijọ́ kan láti orí fíìmù gidi

Sinimá tí mo fẹ́ wò yìí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí lórí díìsìkì. Ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣẹ́ kù kò pọ̀, ilé ìpamọ́ ló sì máa ń yá ilé sinimá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rò pé sinimá kì í sọ nù o. Ìwádìí tí Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2013 fi hàn pé nínú nǹkan bí 11,000 sinimá gígùn aláìlóhùn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ìdá 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà bí wọ́n ṣe gbé e jáde níjọ́sí.

Mo kọ́kọ́ pe ilé sinimá náà, mo bi wọ́n bóyá fíìmù gidi tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 35 ni wọ́n máa lò tàbí fáìlì kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kéèyàn béèrè, torí ìpolówó kì í sábà sọ ọ́. Wọ́n ní fíìmù ni. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Tọkọtaya àgbàlagbà kan wà níwájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo yan àárín gan-an.

Bí iná ṣe kú, gbogbo nǹkan pọ́n: ojú ọ̀run, igi, omi òkun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà aláwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ láti nǹkan bí 1950 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ń rí bẹ́ẹ̀. Aró mẹ́ta ló wà nínú wọn. Èyí tó jọ búlúù ló sábà máa ń tètè ṣá, tí pupa á wá gba gbogbo ẹ̀. Mo ní sùúrù, kò sì pẹ́ tójú mi fi mọ́ ọn lára.

Róòlù fíìmù kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Tó bá kù díẹ̀ kó tán, àmì róbótó kan á yọ ní igun òkè lápá ọ̀tún kí ẹ̀rọ kejì tó ń gbé àwòrán jáde, tí róòlù tó kàn wà nínú rẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí; ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7 lẹ́yìn náà, òmíràn á yọ, wọ́n á sì pààrọ̀. Mo ń ṣọ́ àmì wọ̀nyí, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ń darí àwọn ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ògiri kò ṣe tàsé rárá.

Ibì kan dùn mí. Obìnrin kan ń ka lẹ́tà, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan sì fò lójijì: fíìmù ti já níbẹ̀ rí, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n lẹ ìyókù pọ̀. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìgékúrú tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì lè gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Màmá tó wà níwájú máa ń rẹ́rìn-ín kí òṣèré tó la ẹnu. Mo mọ̀ pé wọ́n ti wò ó rí. Nígbà tó parí, mo lọ kí wọn, mo sì béèrè àwọ̀ aṣọ obìnrin onílẹ́tà yẹn. Wọ́n ní àwọ̀ ewé ni, kò dúdú, kò mọ́lẹ̀ jù. Bàbá ní rárá, búlúù ni. Àwọn méjèèjì ò gbà fúnra wọn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ náà, torí ẹni tó bá máa tún àwọ̀ ẹ̀dà yẹn ṣe lọ́jọ́ kan máa nílò rẹ̀.