Láti ìsọ̀ Balógun dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ dé Aláùsá, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó wà, wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú níbẹ̀, torí òfin ò gbà kéèyàn dá du ìbò. Ẹni ọdún 25 tó kàwé dé ìwé mẹ́wàá ti lè díje.

Owó ló le jù. Ìwé ìṣirò méjì ni mo ní: ọ̀kan fún léèsì àti àǹkárá, èkejì fún pósítà, ìpàdé àti owó bọ́ọ̀sì. Ọmọ ìsọ̀ mi ló ń kọ ti léèsì. N kì í fọwọ́ kan owó inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó oníbàárà du ipò láé! Kí ẹ tó lẹ pósítà kankan, ẹ lọ kí Ìyálọ́jà.